Ànjẹ́rò Tí Wọ́n Ṣe ní Kíṣìnì Mi

"Àbúrò, tètè dá ọmọ yẹn padà sílé. Bó bá dàgbà síbí, kò ní jẹ́ tiwa, kò sì ní jẹ́ tiwọn. Ṣé o ò rí àwọn ọmọ Sòmálíà tí wọ́n kó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù? Ọkùnrin wọn ń dáná, obìnrin wọn ń pàṣẹ."

Ẹ̀gbọ́n obìnrin kan ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi nípa ọmọbìnrin mi ní ọjà Naif, nílẹ̀ Lárúbáwá níbí, níbi tó ti máa ń ra aṣọ ọmọdé tó ń kó lọ tà ní Èkó. Ó ń di ẹrù lọ bó ṣe ń sọ ọ́, ó fi orúnkún tẹ báàgì mọ́lẹ̀ kí síìpù lè pàdé. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló fi kìlọ̀ fún mi, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú takisí tí mo wọ̀ padà sí Sharjah, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi, nítorí mo mọ méjì nínú àwọn ọmọ tó ń wí. Ilẹ̀kùn wọn kọjú sí tèmi nígbà kan rí.

Ilé náà kò jìnnà sí Industrial Area, níbi tí ọkọ mi ti ń ta ẹ́ńjìnì àlòkù. Bí oòrùn bá ti mú lọ́sàn-án, eruku àti ooru a pò mọ́ra lójú ọ̀run, ènìyàn kò ní mọ ibi tí òkun parí sí àti ibi tí sánmà ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ilé a sùn. Nígbà tí mo bá rántí ibẹ̀ báyìí, òórùn ló máa ń kọ́kọ́ padà wá: òórùn tùràrí tí aládùúgbò mi máa ń fi ṣúgà àti lọ́fínńdà sè fúnra rẹ̀, tó ń jó o nínú ìkòkò amọ̀ kékeré kan. Èéfín náà a gba abẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ jáde, a rọra kọjá lórí àtẹ̀gùn, a sì gba abẹ́ ilẹ̀kùn mi wọlé, bí ẹni tó mọ̀nà. Aṣọ wa, ìrọ̀rí wa, irun ọmọ mi, gbogbo rẹ̀ ló ń rùn bí ilé obìnrin náà.

Ọmọ Sòmálíà ni. Ogun ló lé e kúrò ní Mogadíṣù. Ní ọjà Deira ló ti ń ta aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwọn obìnrin wọn máa ń wọ̀, òun náà a sì máa wọ̀ ọ́, pẹ̀lú ìborùn tí iwájú irun rẹ̀ máa ń yọ lábẹ́ rẹ̀. "Abaayo" ló ń pè mí, tó túmọ̀ sí arábìnrin lédè wọn. Èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Àrábíkì ọjà tí àwa méjèèjì gbọ́ la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti kú sí Lọ́ńdọ̀nù, ó fi ìyàwó àti ọmọ méjì sílẹ̀ níbẹ̀. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, opó náà kó àwọn ọmọ ránṣẹ́ sí i fún ọdún kan, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Ọkùnrin, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ni àgbà. Obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. "Eedo" ni wọ́n ń pe aládùúgbò mi. Bí wọ́n ṣe ń pe arábìnrin bàbá wọn nìyẹn.

Mo ti rò ó pé ṣòkòtò jíǹsì ni ọmọbìnrin Lọ́ńdọ̀nù máa wọ̀ dé. Aṣọ ńlá aláwọ̀ kọfí kan ló wọ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú takisí, láti orí dé ọrùn ẹsẹ̀, ojú rẹ̀ nìkan ló hàn. Eedo rẹ̀ dúró lórí àtẹ̀gùn nínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì wo ara wọn fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó dì mọ́ra. Lẹ́yìn náà ni obìnrin náà sọ fún mi pé nígbà tí òun wà lọ́mọge ní Mogadíṣù, kò sí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ òun tó ń múra báyìí. Ó ní òun bi ọmọ náà bóyá Lọ́ńdọ̀nù ló ti ń bọ̀ lóòótọ́, tàbí Mẹ́kà. Ọmọ náà ní àwọn ọ̀rẹ́ òun ní ilé kéwú ní Lọ́ńdọ̀nù ni àwọn jọ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́, kò sẹ́ni tó fipá mú òun.

Ọmọ yìí kan náà ni kì í fọ abọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò fi àrífín ṣe é. Ó ní Ànábì fúnra rẹ̀ máa ń lẹ aṣọ rẹ̀, ṣé ẹ̀gbọ́n òun wá ju Ànábì lọ ni? Kí wọ́n sì tó parí àríyànjiyàn, ẹ̀gbọ́n náà ti fọ abọ́ tán. Òun ló ń dáná. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ìyá wọn máa ń jáde ní ìdájí lọ gbálẹ̀ ọ́fíìsì, òun tó jẹ́ àgbà ló sì ń se oúnjẹ òwúrọ̀. Ojú ń ti eedo wọn gan-an. Ó bẹ̀ ẹ́ pé bó bá máa dáná, kó ṣáà ti fèrèsé kíṣìnì, kí àwọn ọkùnrin ìsàlẹ̀ má baà rí i.

Ọmọbìnrin mi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà. Bó bá ti dé láti iléèwé, ọ̀dọ̀ wọn ló ń kọjá sí. Ọmọbìnrin Lọ́ńdọ̀nù náà fẹ́ kọ́ iṣẹ́ àwọn tó ń yẹ ojú wò, tó ń fún ni ní awò ojú. Ilé ẹ̀kọ́ kan ti gbà á sílẹ̀ de ọdún tó ń bọ̀. Ó máa ń mú ọmọ mi dúró lójú fèrèsé, a bo ojú rẹ̀ kan, a ní kó ka àkọlé ṣọ́ọ̀bù tó wà ní òdìkejì títì. Èmi a wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi, èmi náà a fi ojú kan ṣoṣo máa yọjú nínú ihò tí a fi ń wo àlejò, mo ń wò bóyá ọmọ mi máa padà. Lọ́jọ́ kan bàbá rẹ̀ ní kó bu omi wá. Ó bù ú, ó kúnlẹ̀ gbé e fún un, ó wá ní, "Dádì, ṣé ẹ̀yin náà máa bù fún mi lọ́la?" Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi pá a lórí. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé kí n dá a padà sọ́dọ̀ ìyá mi ní Ìjẹ̀bú.

Nígbà tí ọdún náà ń lọ sópin, ìdílé Sòmálíà kan fẹ́ fi ọmọbìnrin náà ṣe aya. Ènìyàn dáadáa ni wọ́n. Ọmọ wọn ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Jebel Ali. Ọmọbìnrin náà sọ fún eedo rẹ̀ pé òun kò fẹ́, ilé ẹ̀kọ́ òun ń dúró de òun. Eedo rẹ̀ gbọ́, ṣùgbọ́n ó sọ fún mi pé gbogbo ọmọge ló máa ń kọ́kọ́ kọ̀. Ìyá wọn ní Lọ́ńdọ̀nù sọ lórí fóònù pé ohun tí eedo bá rí ni kó ṣe. Pásípọ́ọ̀tù ọmọ náà wà nínú àpótí eedo. Bí eedo bá fọwọ́ sí ìgbéyàwó náà, ọmọ náà kò ní wọ ọkọ̀ òfuurufú mọ́. Èmi náà rò nígbà náà pé ọkọ rere kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń sá fún.

Ìyá ọkọ ìyàwó ní òun máa wá jẹun òwúrọ̀ lọ́wọ́ ọmọ náà. Ànjẹ́rò ni wọ́n ń jẹ lówùúrọ̀: ìyẹ̀fun pípò tó ti sùn mọ́jú títí tó fi kan díẹ̀, tí wọ́n ń dà sórí páànù fẹ́lẹ́, tí ojú rẹ̀ máa ń kún fún ihò bí afárá oyin. Tí ọmọbìnrin náà bá ṣe é, yíya ló ń ya. Èyí ló fà á tí aládùúgbò mi fi dúró sẹ́nu ọ̀nà mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà pẹ̀lú abọ́ ìyẹ̀fun, ọmọkùnrin náà lẹ́yìn rẹ̀.

"Abaayo," ó ní, "yá mi ní kíṣìnì rẹ, kí àlejò má baà rí ẹni tó ń dáná."

Mo yà fún wọn.

Mo ṣì máa ń rí òwúrọ̀ yẹn bí ẹni ń lálàá. Ìmọ́lẹ̀ ń gba inú ooru páànù wọlé, ọmọ mi gun àpótí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọkùnrin náà. Ọmọkùnrin náà da ìyẹ̀fun sí àárín páànù, ó fi ìdí ife yí i lọ sóde, yípo, yípo, títí ó fi tẹ́. Lẹ́yìn náà kò ṣe nǹkan kan mọ́. Ó ń dúró. Ó sọ fún ọmọ mi pé wọn kì í yí i padà, wọn kì í kánjú, ojú rẹ̀ máa là fúnra rẹ̀. Lóòótọ́, ihò wẹ́wẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í là, ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún, bí ìgbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ lórí iyanrìn.

Èmi ni mo bo àwo náà, tí mo gbé e sọdá. Àlejò náà jẹ́ àgbàlagbà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, làálì wà ní ìka rẹ̀. Ó jẹun, ó yìn ín. Ó wá mú ọwọ́ ọmọbìnrin náà, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó sì sọ lédè Àrábíkì, kí èmi náà lè gbọ́, pé ọwọ́ yìí kò ní jẹ́ kí ebi pa ọmọ òun.

Ọmọbìnrin náà rọra gba ọwọ́ rẹ̀. Ó sọ nǹkan kan lédè wọn. Ó wá yíjú sí mi, ó tún un sọ lédè Gẹ̀ẹ́sì kí n má baà wà níbẹ̀ bí adití:

"Àǹtí, ẹ̀gbọ́n mi ló ṣe é, ní kíṣìnì yín. Mo ní bó bá jẹ́ ọwọ́ tó ṣe é ni Màmá fẹ́, òun ni kí wọ́n gbé níyàwó."

Eedo rẹ̀ fa ìborùn bo ojú. A ń gbọ́ ìró omi láti kíṣìnì mi. Ọmọkùnrin náà ń fọ abọ́ lọ, kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àlejò ní kí wọ́n pè é. Ó dé, ìyẹ̀fun ṣì wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Àlejò bi í ta ló kọ́ ọ. Ó ní ìyá òun ni, torí pé àwọn gbọ́dọ̀ jẹun kí àwọn tó lọ síléèwé. Àlejò ní ọmọ tòun ní Jebel Ali kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé omi kaná, bisikíìtì àti ẹja inú agolo ló fi ń gbé ayé. Ó wá bi ọmọbìnrin náà:

"Ṣé ọmọ mi lo kọ̀ ni, àbí ìgbéyàwó?"

"Ọmọ yín kò ṣẹ̀ mí, Màmá. Mo fẹ́ parí ẹ̀kọ́ mi ni."

"Khalas," àlejò ní. Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Ó wá ní kí wọ́n bá òun di ànjẹ́rò tó kù, kí òun gbé e fún ọmọ òun. Èjìká eedo ń gbọ̀n lábẹ́ ìborùn. N kò mọ̀ bóyá ẹkún ni àbí ẹ̀rín.

Fún bí ọjọ́ mélòó kan, eedo kò bá ọmọ náà sọ̀rọ̀, kò sì jó tùràrí. Àtẹ̀gùn kò rùn bí ohunkóhun mọ́, oorun ọ̀sán kò sì kùn mí dáadáa. Ó di ọ̀sán ọjọ́ kan, òórùn náà padà wá lábẹ́ ilẹ̀kùn mi. Mo sọdá. Obìnrin náà ti ṣí àpótí. Pásípọ́ọ̀tù wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ìborùn olómi ọsàn tó bò jáde ní Mogadíṣù lọ́jọ́ ogun sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bó bá jẹ́ pé o máa bo orí náà ni," ó sọ fún ọmọ náà, "fi tèmi bò ó."

Ọmọ náà wé e lé orí ti aláwọ̀ kọfí. Òun ló wọ̀ lọ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n lọ, ọmọkùnrin náà ṣe ànjẹ́rò ní kíṣìnì eedo rẹ̀. Mo rí fèrèsé náà láti ìsàlẹ̀. Ó wà ní ṣíṣí.

N kò tíì dá ọmọ mi padà sí Ìjẹ̀bú. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, mo sì ṣì ń yọjú nínú ihò ilẹ̀kùn. Ó lè jẹ́ òtítọ́ ni ẹ̀gbọ́n tó kìlọ̀ fún mi ní Naif sọ. N kò mọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ ẹ̀yin tó ń ka èyí: bí ọmọ tó dàgbà sókè òkun bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ bi í ní ohun tó fẹ́, kí ẹ sì gbọ́ ọ tán, kí àlejò tó dé.