Àkàtàm̀pó Ilé Ọdẹ

Ẹni tó bá ti ṣe tíṣà pẹ́ bíi tèmi á mọ̀ pé ó níjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ olùkọ́. Tèmi dé bá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, láyé ìjọba ṣọ́jà.

Yorùbá ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kejì ní girama. Nínú ìdánwò ìparí ọdún, mo bi wọ́n pé kí ni àkàtàm̀pó. Rọ́bà tí ọmọdé fi ń ta alángbá ni mo ti kọ́ wọn, ohun tí gbogbo wọn sì kọ nìyẹn, àfi ọmọbìnrin kan. Òun ní ọrun ni, tí wọ́n dè dábùú sórí igi, tí wọ́n fi ń jagun láyé àtijọ́. Mo fi bírò pupa fa igi lé e. Máàkì méjì tí mo yọ yẹn ló sọ ọ́ di ẹni tí yóò tún kíláàsì ṣe.

Ó wá bá mi, ó kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó wà nílé wa ní Ọ̀yọ́. Bàbá àgbà ló ni ín."

Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ n gbádùn. Nígbà tó di Sátidé, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ilé wọn ní Ọ̀yọ́, lẹ́yìn Ọjà Akẹ̀sán. Bàbá àgbà, ọdẹ tí ara kò gbé oko mọ́, gbọ́ tẹnu mi tán.

"Rọ́bà kẹ̀? Ṣé rọ́bà lẹ fi ń pa ìgalà ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni?"

Ó gbé nǹkan náà sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri: igi tó gùn bí apá, ọrun líle dábùú orí rẹ̀, okùn awọ, àti ibi tí wọ́n ń fi ìka tẹ̀ kí okùn lè tú, kí ọfà sì fò.

"Tíṣà, ẹ fà á."

Mo fà á, kò mì.

"Ẹ fẹsẹ̀ tẹ ọrun mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ fọwọ́ méjèèjì fà á!"

Mo bẹ̀rẹ̀, mo ń fà, òógùn bò mí. Ìyá àgbà tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ rọra o, kí ṣòkòtò má ya!"

Ẹ̀ẹ̀kẹta ni okùn tó kọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́," bàbá wí. "Àkàtàm̀pó nìyẹn. Nígbà tí ìbọn lé e kúrò lóko làwọn ọmọdé mú orúkọ rẹ̀ fún rọ́bà wọn."

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo lọ bá ọ̀gá ilé ìwé. Ó ti buwọ́ lu èsì.

"Tó o bá fẹ́ kí n yí i padà, wàá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìwọ lo ṣàṣìṣe."

Mo kọ ọ́. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Àwọn tó kọ rọ́bà ńkọ́? Ká gba máàkì lọ́wọ́ wọn?"

"Rárá sà. Èmi ni mo kọ́ wọn bẹ́ẹ̀."

Ó mú bírò, ó fagi lé orúkọ ọmọbìnrin náà láàárín àwọn tó máa tún kíláàsì ṣe.