Ìfẹ́ Wo Ló Wà Nínú Fífà Lọ́wọ́?

Inú ṣì ń bí mi sí àwọn ìwé ìfẹ́ aláwòrán tí à ń kà ní Ìjẹ̀bú-Òde nígbà tí mo wà nílé-ìwé girama. Fọ́tò ló kún inú wọn, wọ́n á wá kọ ọ̀rọ̀ àwọn òṣèré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu wọn. Ọkùnrin á dènà de obìnrin, á fà á lọ́wọ́. Obìnrin á ní, "Mi ò fẹ́." Tó bá fi máa di ojú ewé tó kẹ́yìn, wọ́n ti ń ṣègbéyàwó. Àwa ọmọbìnrin á sì máa pàtẹ́wọ́.

Tíṣà ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nígbà náà, ní Ìjẹ̀bú-Imùṣin. Ọkùnrin kan tó ń ta aṣọ ládùúgbò wa dẹnu ìfẹ́ kọ ọ́, ẹ̀gbọ́n mi ní òun ò fẹ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí mo lọ pàdé ẹ̀gbọ́n mi nígbà tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, bó ṣe bọ́ọ́lẹ̀ nínú mọ́tò ni ọkùnrin yìí dì í lọ́wọ́ mú, ó ń fà á wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

"Ẹ fọwọ́ mi sílẹ̀!"

Ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín. "Bẹ́ẹ̀ náà lẹ̀yin obìnrin ṣe máa ń sọ."

Ẹ̀gbọ́n mi gbá a létí. Ṣé ẹ mọ ẹni táwọn èèyàn pariwo lé lórí? Ẹ̀gbọ́n mi ni.

Nígbà tá a délé, àbúrò ìyá wa ti gbọ́. "Ẹni tó fẹ́ràn rẹ lo gbá létí? Lọ kúnlẹ̀, kó o bẹ̀ ẹ́."

Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ rẹ̀ tó ti wú sí i. "Ẹ wò ó, Àǹtí. Tẹ́ ẹ bá rí ìfẹ́ níbẹ̀, ẹ fi hàn mí."

Bàbá wa ní kó ṣáà lọ bẹ̀ ẹ́, kọ́rọ̀ lè tán. Kò lọ. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ gba yàrá kan ní Imùṣin.

Nígbà tí mo lọ kí i, mo fọwọ́ kàn án léjìká láti ẹ̀yìn. Ó ta gìrì, abọ́ ọwọ́ rẹ̀ fọ́ mọ́lẹ̀. "Máa pè mí kó o tó fọwọ́ kàn mí." Ìwé aláwòrán wo ló fi ìyẹn hàn wá rí?

Lẹ́yìn náà, ọmọ kíláàsì mi kan mú ìwé aláwòrán tuntun wá. Mo bi àwọn ọmọbìnrin tá a jọ ń kà á pé, "Níbo ni wọ́n ti bi obìnrin yìí bóyá ó fẹ́?" Wọ́n ní mo ti ba ìtàn náà jẹ́.

Mo ní ó wù mí kí n bà á jẹ́.