Ṣàíbù Onífótò Gbé Aṣọ Funfun Dé Kpalimé

Bí ẹ bá ti ya páásípọ́ọ̀tù rí ní Yaba láàárín ọgbọ̀n ọdún tó kọjá, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ Ṣàíbù ló fà yín létí. Kì í ṣe pé ẹ ṣẹ̀ ẹ́. Bó ṣe ń ṣe é fún gbogbo ayé nìyẹn: yóò ki ọwọ́ bọ abẹ́ gèlè, abẹ́ fìlà tàbí abẹ́ irun àtọwọ́dá, yóò yọ etí méjèèjì síta bí ẹni ń yọ ìgbín nínú ìkarahun, yóò wá sún sẹ́yìn láti wò ó. Nínú gbogbo ohun tí Ọlọ́run dá sára ọmọ ènìyàn, etí nìkan ni Ṣàíbù kà sí.

Ìsọ̀ rẹ̀ wà lára ògiri ọ́fíìsì ìjọba kan. Àpótí ìjókòó kan ló wà níbẹ̀, aṣọ funfun kan tí wọ́n fi ìṣó kàn mọ́ ògiri, ẹ̀rọ kékeré tó ń fi bátìrì tẹ fótò jáde, àti kámẹ́rà kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dàgbà tó Aneesah ọmọ rẹ̀, Aneesah sì ti wọ yunifásítì. Etí ní láti hàn, ẹ̀yìn ní láti funfun, ẹnu ní láti pa dé. Bí oníbàárà bá ṣèèṣì rẹ́rìn-ín, Ṣàíbù yóò gbé kámẹ́rà sórí itan.

"Kí ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín? Ṣé ìwọ lo fẹ́ lọ sí Kánádà ni, àbí eyín ẹ?"

Àwọn tó ń fi fóònù ya fótò, kò bínú sí wọn rárá. Ó kàn gbà pé ọpọlọ wọn kò pé ni. Ó ní ènìyàn tó bá ń fi nǹkan tó fi ń pe ìyàwó ẹ̀ ya fótò, kó lọ máa fi bàtà jẹ ìrẹsì. Bí irú wọn bá ń kọjá níwájú ìsọ̀, tí wọ́n na ọwọ́ síta tí wọ́n ń ṣu ẹnu jọ sí ara wọn, Ṣàíbù yóò gbójú kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ìtìjú, bí ẹni tó ṣèèṣì rí ìhòòhò àgbàlagbà.

Ilé rẹ̀ wà ní Àlàkàrà, ní Mushin. Fótò ló kún ògiri pálọ̀ rẹ̀: bàbá rẹ̀, òun fúnra rẹ̀, Aneesah láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ títí dé yunifásítì, etí gbogbo wọn hàn. Ní ti Àmúdàtù ìyàwó rẹ̀, ẹyọ kan péré ló wà, èyí tó yà á nígbà tó fẹ́ lọ sí Mẹ́kà. Ṣàíbù sọ ọ́ di ńlá, ó tó fèrèsé. Ojú obìnrin náà là sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ilé onílé.

"Ẹ ò rí iyẹn?" ni Ṣàíbù máa ń sọ fún àlejò. "Wọn ò dá a padà! Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n wò ó tí wọ́n gbà á."

Àmúdàtù ń ta kọ́tìnì ní Tejúoṣó. Ó dúdú, ó ń dán, ó sì ní èjí tó jẹ́ pé bó bá rẹ́rìn-ín sí oníbàárà, oníbàárà yóò gbàgbé iye tó fẹ́ ná ọjà. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti wà nílé onífótò, èjí náà kò tíì hàn lára ògiri rí. Ìgbà tí Taoheed àbúrò rẹ̀ ní òun fẹ́ fi ọkọ̀ Síẹ́nà òun gbé gbogbo wọn lọ sí Kpalimé ní ilẹ̀ Tógò, níbi tí omi ti ń já bọ́ láti orí àpáta, ló jókòó ti ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Aneesah, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Èjí tẹ́ ẹ torí ẹ̀ fẹ́ mi, mo fẹ́ rí i nínú pálọ̀ yìí. A ń lọ síbi omi yẹn. N ó rẹ́rìn-ín, omi á wà lẹ́yìn mi, ẹ ó yà mí."

"Ẹ̀rín kẹ̀?"

"Ẹ̀rín. Bẹ́ ẹ bá kọ̀, Taoheed á yà mí. N ó yọ olè yìí kúrò lára ògiri, n ó gbé ti Taoheed síbẹ̀."

Ṣàíbù wo fótò Mẹ́kà, ó wo ìyàwó rẹ̀. Taoheed ń ta táìlì, ó sì ní fóònù olójú mẹ́ta tó máa ń gbé sórí tábìlì bí ẹni gbé ọmọ tuntun jókòó. Kí aládùúgbò wọlé, kó wá bá fótò fóònù lára ògiri onífótò! Ó sàn kí wọ́n bá gbájúẹ̀ níbẹ̀. Ṣàíbù ní kò burú, òun yóò yà á. Ó lọ aṣọ funfun rẹ̀ ní áyọ́ọ̀nù, ó ká a sínú ọ̀rá, ó kó o sínú ọkọ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀fótò.

"Dádì, kí lẹ fẹ́ fi aṣọ ṣe níbi omi?" Aneesah bi í.

"Ṣé télọ̀ máa ń fi abẹ́rẹ́ ẹ̀ sílé ni?"

Ní bọ́dà Sèmè, ìwé wọn pé pérépéré. Òṣìṣẹ́ tó ń wò ó ti fẹ́ dá a padà fún wọn nígbà tí ojú Ṣàíbù ṣe wẹ́rẹ́ kan káàdì tí ọkùnrin náà gbé kọ́ ọrùn.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú. Ta ló ya èyí fún yín? Etí òsì yín dà?"

Òṣìṣẹ́ náà wolẹ̀ wo àyà ara rẹ̀. Ó gba àwọn ìwé náà padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n láti ojú ìwé àkọ́kọ́, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń kọ́ ìwé kíkà. Wákàtí kan àti ààbọ̀ ni wọ́n fi jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Àmúdàtù ló bẹ̀bẹ̀ tí wọ́n fi tú wọn sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́," Taoheed sọ bí wọ́n ṣe wọ ọkọ̀, "títí a ó fi padà délé, ẹ fi etí oníṣẹ́ ìjọba sílẹ̀."

"Òótọ́ ni mo sọ fún un. Ní Kánádà, wọ́n á dá a padà."

"Ó wí fún yín pé òun ń lọ sí Kánádà ni?"

Láti Kùtọnu títí dé Lómé, òkun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, igi àgbọn tò lọ bí ẹ̀ṣọ́. Aneesah àti Taoheed kò yé sọ pé kí ọkọ̀ dúró, kí àwọn sọ̀ kalẹ̀, kí àwọn ya tibí, kí àwọn ya tọ̀hún. Ṣàíbù kò sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Níwájú tó jókòó sí, bí àgbà inú ọkọ̀, ló ti ń wò wọ́n.

"Kí ni wọ́n ń yà gan-an? Kò lórí, kò lọ́rùn."

Wọ́n sùn ní Lómé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì wọ́n dé Kpalimé, òkè sì yí wọn ká, ewéko bò ó láti ìsàlẹ̀ dókè. Ṣàíbù wo àwọn òkè náà bó ṣe máa ń wo oníbàárà tí kò ya irun. Ọkùnrin tó fẹ́ fọ̀nà omi hàn wọ́n ti ṣiṣẹ́ alábàárù ní Ìjora fún ọdún mẹ́sàn-án, Yorùbá sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Faransé lọ.

"Ẹ̀yin ará Èkó, ẹ bọ́ bàtà o! Ilẹ̀ ń yọ̀. Àgbà, ẹ̀yin náà."

Bàtà dúdú tí Ṣàíbù fi ń lọ sí ìsọ̀ ló wọ̀. Kò bọ́ ọ. Wọ́n di gbòǹgbò igi mú, wọ́n fi ìdí wọ́ kọjá ibi tó ga, wọ́n tẹ òkúta kan dé òmíràn nínú odò tó tutù bí omi fìríìjì. Taoheed ń ya fótò gbogbo ìṣísẹ̀. Ṣàíbù gbé aṣọ funfun rẹ̀ lérí, ó gbé kámẹ́rà kọ́ ọrùn, ó kó ẹ̀rọ ìtẹ̀fótò sábẹ́ apá, ó ń sọ̀ bí ẹni tí onílé lé jáde.

Wọ́n yọ sí omi náà. Ó ga ju ilé alájà mẹ́ta lọ. Ó ń já bọ́ ní funfun, ó ń fọ́n ká, ìkùukùu rẹ̀ ń tutù sí wọn lójú. Aneesah ní, "Sùbúhánà-Lláh." Àmúdàtù gbé ọwọ́ lé àyà.

Ṣàíbù fojú wọn ibẹ̀. "Ẹ̀yìn yìí dọ̀tí. Ó tún ń mì."

Ó rí igi méjì, ó so okùn mọ́ wọn, ó sì ta aṣọ funfun rẹ̀ sí i, ní ọ̀gangan iwájú omi. Ó fa etí aṣọ náà títí tó fi gún. Ó gbé òkúta pẹlẹbẹ kan síwájú rẹ̀.

"Ó yá, wá jókòó."

Àmúdàtù jókòó. Ó bojú wẹ̀yìn.

"Bàbá Aneesah, omi dà?"

"Ó wà lẹ́yìn aṣọ. Ṣé o ò gbọ́ ariwo ẹ̀ ni?"

Taoheed yíjú sí ibòmíràn, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Àmúdàtù kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ká aṣọ yẹn."

Ohùn tó fi sọ ọ́ kò ga, ohùn tó máa ń fi bá ẹni tó bá fẹ́ gbé kọ́tìnì rẹ̀ sá lọ sọ̀rọ̀ ni. Ẹ jẹ́ ká má pa irọ́ mọ́ Ṣàíbù: ó gbọ́. Ó rántí ìlérí rẹ̀, ó rántí ògiri, ó tiẹ̀ ti na ọwọ́ sí okùn. Ìgbà yẹn ni afọ̀nàhàn sún mọ́ ọn.

"Àgbà, ẹ dákun, ṣé páásípọ́ọ̀tù lẹ ń yà?"

Látìgbà tí fóònù olójú mẹ́ta ti dé Yaba, ẹnikẹ́ni kò tíì bi Ṣàíbù ní ìbéèrè tó dùn tó báyìí. Ọkùnrin náà ní wọ́n fẹ́ ṣe káàdì tuntun fún àwọn afọ̀nàhàn àti àwọn ọlọ́kadà tó wà lókè, ìsọ̀ onífótò sì jìnnà. Ṣàíbù mú ọwọ́ kúrò lára okùn.

"Ìyá Aneesah, dìde fún ọ̀gbẹ́ni yìí. Ìṣẹ́jú márùn-ún."

Ó fa etí afọ̀nàhàn, ó pa ẹnu rẹ̀ dé fún un, ó yà á, ẹ̀rọ sì tẹ̀ ẹ́ jáde lójú ẹsẹ̀. Afọ̀nàhàn ké sí òkè ní èdè wọn. Kò pẹ́ tí àwọn ọlọ́kadà fi ń sọ̀ wá lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń nu ojú, tí wọ́n ń tò. Obìnrin tó ń gba owó ìwọlé ti géètì wá. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò yọ fóònù. Gbogbo wọn ń pe Ṣàíbù ní Pátúrọ̀ọ̀nù, ìyẹn ọ̀gá lédè Faransé, wọ́n ń jókòó bó ṣe ní kí wọ́n jókòó, wọ́n ń gbé àgbọ̀n sókè bó ṣe ní kí wọ́n gbé e. Irú ìlú tí ó yẹ kí Èkó jẹ́ nìyí, ló rò.

"Bàbá Aneesah, ó ti di wákàtí kan."

"Ẹnì kan péré ló kù."

"Ẹnì kan tẹ́ ẹ wí lẹ́ẹ̀kan dà?"

"Òun náà mú àbúrò ẹ̀ wá ni. Ṣe sùúrù jàre."

Nígbà tó yá, Àmúdàtù dìde. Ó mú sálúbàtà rẹ̀ lọ́wọ́, ó gba ẹ̀gbẹ́ aṣọ funfun kọjá, ó sì wọ inú omi. Taoheed àti Aneesah tẹ̀ lé e. Ṣàíbù ń pa ẹnu ọlọ́kadà kan dé lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ ẹ̀rín láti ẹ̀yìn aṣọ. Ó mọ ẹ̀rín náà. Nítorí rẹ̀ ló ṣe fi odidi ọdún kan máa ra kọ́tìnì ní Tejúoṣó nígbà tó jẹ́ pé fèrèsé kan ṣoṣo ló ní. Ó dúró díẹ̀, ó ń gbọ́ ọ.

Ó wá fa etí aṣọ tó ṣẹ́ po, ó wo ìlà tó wà níwájú rẹ̀, ó ní, "Ẹni tó kàn!"

Ìgbà tí ẹni tó kẹ́yìn gba fótò rẹ̀ tán ni Ṣàíbù tó sáré gba ẹ̀gbẹ́ aṣọ kọjá, tòun ti bàtà dúdú. Àmúdàtù wà lórí òkúta láàárín omi, aṣọ rẹ̀ rin, ìkùukùu wà lẹ́yìn rẹ̀, èjí rẹ̀ hàn gbangba.

"Dúró bẹ́ẹ̀! Má pa ẹnu dé! Mo ní o má pa ẹnu dé!"

Ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Àmúdàtù dúró fún un, tọkàntọkàn, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ṣàíbù gbé kámẹ́rà sójú, ó tẹ̀ ẹ́. Kámẹ́rà náà ké lẹ́ẹ̀kan bí ológbò tó ń kú lọ, ó sì dákẹ́. Ó tún un tẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà ti jẹ bátìrì tán.

"Kí ló dé?"

"Bátìrì."

Àmúdàtù wò ó títí. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹnu rẹ̀ pa dé, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó wá rí gẹ́lẹ́ bí fótò Mẹ́kà.

"Kò burú," ló wí. "Taoheed ti yà mí."

Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, fótò Taoheed ti wà lára ògiri ní Àlàkàrà, nínú férémù tó tóbi ju fèrèsé lọ. Ṣàíbù kò bá a jà. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń jẹun lábẹ́ rẹ̀ láìgbójú sókè. Ní ọjọ́ kẹrin, Lateefah, tó ń gbé ní ilé kejì, wọlé wá kí wọn, ó sì dúró gbagidi ní àárín pálọ̀.

"Háà! Ìyá Aneesah! Ẹ ní èjí báyìí, ẹ wá ń fi pa mọ́ fún wa? Ta ló ya èyí?"

"Àbúrò mi ni. Fóònù ló fi yà á láti ẹ̀gbẹ́ odò."

"Fóònù! Ẹ gbà mí!" Lateefah sún mọ́ ògiri. Ó fi ìka kan igun fótò náà, ní apá òsì, níbi tí ọkùnrin kan tó wọ bàtà dúdú, tí ojú rẹ̀ kò hàn, ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ funfun tó wà lórí okùn. "Bàbá tó ń sá aṣọ lẹ́yìn yín yìí ńkọ́?"

Ṣíbí dúró lọ́wọ́ Ṣàíbù. Bó bá dákẹ́, ó ti di alágbàfọ̀. Bó bá ní òun ni, yóò ní láti ṣàlàyé ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Ó wo ìyàwó rẹ̀, pé kó bá òun dáhùn.

"Èmi ò mọ̀ ọ́n o," Àmúdàtù wí. "A bá a níbẹ̀ ni."

"Ó mà ṣe o." Lateefah ṣì ń wò ó, àánú sì ń ṣe é gidi. "Ṣé kò rí omi tó wà níbẹ̀ ni?"