Ọ̀kẹ́rẹ́ Òkè Àjà àti Igi Furúùtù Onídìrí

Káfíńtà wa ti kan ọmọ ọ̀kẹ́rẹ́ mẹ́ta mọ́ òkè àjà kí a tó mọ̀ pé kì í ṣe eku là ń bá jà. Ìyá wọn wà níta lórí páànù, ó ń ké.

Oṣù tó kọjá ni, nínú ilé tí mo háyà ní Ìkòsì. Fún bí ọ̀sẹ̀ méjì ni nǹkan kan ti ń sáré lókè yàrá mi. A ra gọ́ọ̀mù eku, a fi edé sí i láàárín, nǹkan kan ò fọwọ́ kàn án. Bí ilẹ̀ bá sì ti ń ṣú, ariwo á dákẹ́. Eku wo ló ń sùn lóru? Nígbà tí wọ́n jẹ wáyà tí iná pálọ̀ fi kú, Dádì onílé ní kí káfíńtà wá dí ihò abẹ́ páànù. Ó fi pákó dí i, ó kàn án dáadáa.

"Ọ̀gá, ẹ máa sùn," ló wí fún mi. "Eku tó bá tún gba ibí wọlé, a jẹ́ pé ó ní hámà tiẹ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni igbe yẹn bẹ̀rẹ̀. Mo ṣe ohun tí iṣẹ́ ìròyìn kọ́ mi: mo wá ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀. Kò jìnnà. Obìnrin kan ń dirun lábẹ́ igi furúùtù tó fi ẹ̀ka lé òrùlé wa. Kò ní ṣọ́ọ̀bù. Ibòòji igi yẹn ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

"Ọ̀kẹ́rẹ́ ni," ó wí, kò gbójú kúrò lórí irun tó ń dì. "Inú igi yìí ló ti ń fò sórí páànù yín. Ó ń kó ewé gbígbẹ wọlé. Mo mọ̀ pé ó fẹ́ bímọ ni."

"Àǹtí, kí ló dé tẹ́ ò sọ?"

"Ta ló bi mí? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bi gómìnà léèrè ọ̀rọ̀, ẹ ò bi onídìrí rí."

Oníbàárà rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

Mo ro ọ̀rọ̀ náà fún Dádì onílé gẹ́lẹ́ bó ṣe sọ ọ́, mo sì sọ ẹni tó sọ ọ́. Káfíńtà padà wá, ó yọ pákó. Ìyá ọ̀kẹ́rẹ́ wọlé, ó fi ẹnu gbé àwọn ọmọ rẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kó wọn sínú igi. Gbogbo wa dúró, à ń wò ó. Ìgbà náà ni Dádì onílé ní, "Ó dáa. A ti mọ ibi tí wọ́n ń gbà, pákó nìkan ò sì ní dá wọn dúró. Ẹ gé igi náà."

Ọwọ́ onídìrí dúró lórí irun. "Dádì, inú oòrùn ni kí n wá gbé àga mi sí?"

"Ṣé ìwọ lo máa bá mi tún wáyà ṣe?"

Ó yíjú sí mi. "Ọ̀gá oníròyìn, ẹ ò lè ní ẹnì kan tí kò fẹ́ ká dárúkọ òun ló sọ ọ́?"

Wáyà tí wọ́n jẹ lè jó ilé mọ́ wa lórí. Bí igi bá sì lọ, obìnrin tó sọ òótọ́ fún mi ò níbi tí yóò jókòó sí. N ò tíì mọ̀ títí di báyìí bóyá ó yẹ kí n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó dárúkọ rẹ̀.

Lánàá, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan wá wo igi náà, nítorí òfin ní a kì í gé igi láìgba àṣẹ.

"Ẹ̀ka tó kan òrùlé nìkan ni àbí gbogbo igi?" mo bi í.

"N ò lè sọ ìyẹn lónìí," ó wí. Ó ní àwọn ń padà bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, ẹni tó ń jókòó lábẹ́ igi làwọn yóò sì kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀. Títí di ìgbà náà, kí ẹnikẹ́ni má fi àdá kan igi, kí káfíńtà má sì dí ihò, bóyá ọ̀kẹ́rẹ́ tún wà nínú rẹ̀.