Èrò Kẹrìndínláàádọ́ta

Ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé oòrùn ló pa mí. Gbogbo ẹni tí mo bá sọ ọ̀rọ̀ yìí fún, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń sọ nìyẹn. Abẹ́ oòrùn yìí ni wọ́n bí mi sí, ní Nakkásà, lórí òkè ní Mẹ́kà, nínú yàrá kan tí kò ní fèrèsé. Oòrùn kì í ṣe àlejò lára mi. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi méjèèjì ló rí i, ọ̀sán gangan ni, orí mi sì pé.

Mi ò ní dárúkọ ara mi. Tí ẹ bá bá mi dé ìparí, ẹ ó mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ orúkọ fi ń bà mí lẹ́rù.

Tí àsìkò Hájì bá dé, iṣẹ́ mi ni láti pàdé àwọn èèyàn wa ní pápákọ̀ òfuurufú Jẹ́dà. Mo gbọ́ Yorùbá, mo gbọ́ Lárúbáwá. Èmi ni mò ń fi ilé ìtura hàn wọ́n, èmi ni mò ń bẹ àwọn arúgbó pé kí wọ́n mu omi. Tí àwọn òṣìṣẹ́ pápákọ̀ bá ti gba ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ wọn tán, wọ́n á kó o fún mi, màá sì kó àwọn èèyàn náà sínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Mẹ́kà.

Òfin kan wà níbẹ̀. Iye ìwé ìrìnnà tó wà lọ́wọ́ mi gbọ́dọ̀ bá iye orí tó wà nínú bọ́ọ̀sì mu. Bí kò bá bára mu, bọ́ọ̀sì kò ní kúrò lójú kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi òfin yẹn sọ́kàn.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ń dùn mí ná. Ìlú yìí ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí bàbá mi sí. Síbẹ̀ ọdọọdún là ń lọ bẹ̀bẹ̀ fún ìkámà, ìwé ìgbélùú wa, bí ẹni tó dé lánàá. Tí ọ̀rọ̀ bá ṣe bí ọ̀rọ̀ láàárín èmi àti ọmọ onílùú kan ní ṣọ́ọ̀bù, ohun tí yóò sọ ni pé kí n padà sí ìlú mi. Ìlú mi wo? Ọmọbìnrin mi, tí kì í fi Yorùbá dá mi lóhùn mọ́, bi mí lédè Lárúbáwá lọ́jọ́ kan pé níbo gan-an la ti wá. Mo sọ ohun tí bàbá mi sọ fún mi. Gbólóhùn kan ni, òun nìkan sì ni ogún tí mo jẹ.

"Ìwó ni wá. Agbo-ilé Elépo. Sàlíù ni bàbá wa."

Sàlíù ni bàbá tó bí bàbá mi. Ó wá ṣe Hájì nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, kò padà sílé mọ́. Orúkọ rẹ̀ ló kẹ́yìn orúkọ mi nínú ìkámà. Nígbà tí bàbá mi ń kú lọ, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Bá mi wá wọn rí." Ọdún mọ́kànlá ni mo fi bi gbogbo ará Ìwó tó sọ̀ kalẹ̀ ní Jẹ́dà. Àwọn kan fi mí rẹ́rìn-ín. Àwọn mìíràn rò pé mo fẹ́ tọrọ nǹkan ni, wọ́n sì di báàgì wọn mú dáadáa.

Ní Hájì tó kọjá, mo rí Àlàájà Sìkírátù. Ìyá ẹni ọgọ́ta ọdún ni, ó jókòó lé ẹrù rẹ̀, ó ń fi ìbòrí fẹ́ ara rẹ̀. Mo bi í bí mo ṣe ń bi gbogbo wọn. Ó ní ará Ìwó lòun. Mo ní agbo-ilé wo.

"Elépo," ló wí.

Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Àlàájà, ṣé ẹ ní ẹnì kan tó ń jẹ́ Sàlíù, tó wá sí Mẹ́kà tí kò padà?"

Ojú rẹ̀ yí padà. "Ta ló rán ọ sí mi?"

"Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni mí."

Ó wò mí títí. Lẹ́yìn náà ló gbá mi mọ́ra tó bú sẹ́kún. "Ojú Sàlíù rèé! Ẹ wo ojú Sàlíù!" Bẹ́ẹ̀, kò mọ Sàlíù rí. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni, wọn ò tíì bí i nígbà tí ọkùnrin náà lọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò rántí ìyẹn nígbà tí ayọ̀ bá dé?

Ó ní Sàlíù fi ìyàwó tuntun sílẹ̀, Àsánátù, wọn ò tíì pé ọdún kan pọ̀. Wọ́n dúró dè é títí. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan ti Mẹ́kà dé, ó ní òun gbọ́ tí wọ́n pe orúkọ Sàlíù ará Ìwó ní ọ́fíìsì ìwé ìgbélùú, wọ́n sì ní ó ti fẹ́ ìyàwó síbẹ̀. Ìtìjú bo agbo-ilé. Ìyá rẹ̀ sunkún wọ sàárè. Àsánátù kò lè fẹ́ ọkọ mìíràn, torí wọ́n ní ọkọ rẹ̀ wà láàyè.

"Ṣé Àsánátù ṣì wà láyé?"

"Ó wà. Ó ti darúgbó, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́."

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn lórúkọ bàbá bàbá mi. Àlàájà ní òun dárí jì í, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí, ó ń pè mí ní ọmọ Àjàní. Mo ní ta ni Àjàní.

"Sàlíù náà ni. Oríkì rẹ̀ nìyẹn."

Mo kéré nígbà tí ìyá bàbá mi wà láyé, ṣùgbọ́n mo gbọ́ bó ṣe máa ń pe ọkọ rẹ̀ tó bá ń gbé oúnjẹ fún un. Àlàmú ló ń pè é. Mi ò gbọ́ Àjàní rí lọ́jọ́ kan. Mo sọ ọ́. Àlàájà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àwọn ìyàwó! Èyí tó wù wọ́n ni wọ́n ń pè." Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ n sòótọ́: mo gbà á nítorí pé mo fẹ́ gbà á. Ẹni tó wá ilé fún ọdún mọ́kànlá kì í yẹ ilẹ̀kùn wò.

Lẹ́yìn ìrun Àyìlá ni wọ́n wọ bọ́ọ̀sì. Ìwé ìrìnnà tó wà lọ́wọ́ mi jẹ́ márùndínláàádọ́ta. Mo ka orí. Mẹ́rìndínláàádọ́ta.

Mo tún un kà. Mẹ́rìndínláàádọ́ta. Awakọ̀ wa, ará Sudan, ẹni tí à ń pè ní Ámù Ìdrísì, dìde kúrò nídìí ọkọ̀, ó fi ìka kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rìndínláàádọ́ta ni tirẹ̀ náà. Ẹ gbọ́, kì í ṣe èmi nìkan.

Mo wá ń pe orúkọ láti inú ìwé, kálukú ń nawọ́. Gbogbo márùndínláàádọ́ta ló dáhùn. Ẹnì kan ṣoṣo tí kò nawọ́ wà ní ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, kò lè ju ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n lọ. Ó wọ haràmí, aṣọ funfun méjì tí a kì í rán. Ṣùgbọ́n tirẹ̀ ti pọ́n, ó sì nípọn bí aṣọ àtijọ́. Eruku òkè bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún. Àwọn tó kù ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù ni, ibo ló ti rí eruku? Ètè rẹ̀ ti bó.

Mo tẹ̀ sí i létí. "Àlàájì, ìwé ìrìnnà yín dà?"

"Ó wà lọ́wọ́ bàbá bàbá rẹ."

Ohùn rẹ̀ kò ju èémí lọ. Mo rò pé ooru ti mú un. "Orúkọ yín ńkọ́?"

"Òun náà wà lọ́wọ́ rẹ̀."

Mo na ike omi tútù sí i, inú yìnyín ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti mú un. Ó wò ó, kò gbà á. Ó ní, "Omi ti pẹ́ jù." Mo gbé e lé ìjókòó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìgbà náà ló bi mí.

"Kí ni ìyá àgbà rẹ ń pe ọkọ rẹ̀?"

Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò fẹ́ dáhùn. Ẹnu mi ló dáhùn fúnra rẹ̀. "Àlàmú."

"Àjàní lèmi." Ó kọjú sí fèrèsé. "Orúkọ ló wà nínú ìwé. Wọn kì í kọ oríkì síbẹ̀. Ìyẹn nìkan ni kò rí gbà lára mi."

Ó tún ní, "Sọ fún Àsánátù pé n kò kọ̀ ọ́. Mo kú ni."

Àlàájà Sìkírátù pariwo láti iwájú: "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ta lò ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀?" Mo yíjú sí i. Nígbà tí mo padà wò, ìjókòó ti ṣófo. Ike omi ṣì wà níbi tí mo gbé e sí, a kò ṣí i. Mo fọwọ́ kàn án, ó gbóná bí ẹni pé orí iná ni wọ́n ti gbé e kalẹ̀.

Ámù Ìdrísì tún èèyàn kà. Márùndínláàádọ́ta. Ó tan rédíò tó ń ka Kùránì sókè nínú ọkọ̀, kò sì wo dígí ẹ̀yìn títí a fi wọ Mẹ́kà.

Ní ọjọ́ kejì mo gun òkè Nakkásà lọ bá Àǹtí Múníra, àbúrò bàbá mi obìnrin, òun ló kù nínú àwọn ọmọ bàbá àgbà. Ó ń ṣa ìrẹsì. Mi ò tilẹ̀ kí i dáadáa tí mo fi bi í pé ta ni Àlàmú.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú ìrẹsì. "Kàlás," ló wí. "Má bèèrè mọ́."

Mo ní mo ti rí ẹni tó ni orúkọ wa. Ìgbà náà ló ti abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó sì ń sọ ọ́ lábẹ́ ohùn, bí ẹni pé ọlọ́pàá wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹsẹ̀ ni bàbá àgbà fi rìn wọ̀lú, ó gba Sudan wá, kò ní ìwé kankan. Ní Mínà, níbi tí àwọn alálàájì ń pàgọ́ sí, òun àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ìwó jọ sá sábẹ́ ìbòòji kan. Ọmọ náà sọ gbogbo ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ fún un, agbo-ilé, ìyá, ìyàwó. Oòrùn pa ọmọ náà lọ́jọ́ kẹta. Kí àwọn tó ń gbé òkú tó dé, bàbá àgbà ti tú bẹ́líìtì ìdí ọmọ náà, ó mú ìwé ìrìnnà rẹ̀. Wọ́n sin ọmọ ọlọ́mọ láìlórúkọ.

"Ó ní òkú kì í lo ìwé," ni Àǹtí Múníra wí.

"Àwa ńkọ́? Ibo ni Àlàmú ti wá?"

"Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù ń bà á títí tó fi kú."

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ní tiwa, òkú ni wọ́n wò. Mo bínú sí bàbá àgbà títí ara mi fi ń gbóná. Ó gba ọkọ lọ́wọ́ ìyàwó, ó gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá, kò sì fún àwa náà ní ìlú kankan. Ohun tó tún wá burú ni pé bí kò bá jí ìwé yẹn, mi ò ní sí láyé láti bínú sí i.

Mo pinnu pé màá sọ fún Àlàájà kó tó padà. Ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, mo bá a ní Jẹ́dà, ó ti ra ìbòrí kan fún mi, ó sì ń pè mí ní ọmọ wa níwájú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Kí n tó la ẹnu, ó ti gbé fóònù sí mi létí.

"Ìyá rèé, Àsánátù. Ó fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ."

Ohùn náà tín-ín-rín. Kò kí mi, kò kì mí. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ó dárúkọ mi kó tó kú?"

Òótọ́ wà lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, mi ò ní jẹ́ ọmọ ẹnikẹ́ni mọ́, àti èmi àti ọmọ mi. Mo wá rò pé màá sọ ìdajì, kí ara lè tu ìyá arúgbó. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Ó dárúkọ yín."

Ó gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi.

"Ó rántí mi," ló wí, "kò sì wá? Gbogbo ọdún yìí, mo ń sọ fún ara mi pé ó gbàgbé mi ni. Mi ò dárí jì í. Láyé lọ́run, mi ò dárí jì í."

Ó pa fóònù. Mo dá a padà fún Àlàájà, mo ní Ìyá ń sunkún ayọ̀.

Láti ọjọ́ náà títí dé àsìkò Hájì tuntun yìí, kò sí bọ́ọ̀sì tí mo kà tí kì í fi ẹnì kan lé. Àjàní kì í bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n kì í jókòó sẹ́yìn mọ́ pẹ̀lú, ó ń bọ̀ níwájú díẹ̀díẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀yìn ìjókòó mi gan-an ló wà, mo ń gbọ́ bí ọ̀fun rẹ̀ ṣe gbẹ. Gbogbo Jímọ̀ ni Àlàájà ń pè mí láti Ìwó. Gbogbo Jímọ̀ ni mò ń bi í bóyá Àsánátù ṣì wà láàyè. Ó rò pé ìfẹ́ ló ń mú mi bèèrè, kò mọ̀ pé iṣẹ́ kan wà tí mi ò tíì jẹ́ fún ìyá náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá orísun yín kiri, ẹ má tẹ̀ lé orúkọ inú ìwé. Oríkì ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè. Tí oríkì bá yàtọ̀, ẹ padà lẹ́nu ọ̀nà, kó tó di pé ẹnì kan gbá yín mọ́ra.

Tí ẹ bá sì wọ bọ́ọ̀sì láti Jẹ́dà lọ sí Mẹ́kà, tí ẹ rí obìnrin kan tó ń ka orí yín lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ má bínú sí i. Ẹ dáhùn tó bá pe orúkọ yín. Ẹni tí kò bá dáhùn, ẹ má fún un lómi.