Ihò Èéfín Tí Mo Dí Pa

Inú máa ń tètè bí mi, mi ò ní purọ́. Ìyàwó mi mọ̀, àwọn ọmọ mọ̀, ṣùgbọ́n lọ́dún tí mò ń sọ yìí, gbogbo wọn ti wà ní Lọ́ńdọ̀ọ̀nù, níbi tí ìyàwó mi ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Èmi nìkan ló kù nínú ilé wa ní Bódìjà, yàrá mẹ́rin, ìkòkò kan, abọ́ kan. Bí mo bá ti iléèwé tí mo ti ń kọ́ni dé, ó di àárọ̀ ọjọ́ kejì kí n tó tún bá èèyàn sọ̀rọ̀.

Àfi Alájà. Ìyá àgbàlagbà ni wọ́n, ẹ̀yìnkùlé wa ni wọ́n ń gbé. Ilé wọn kọjú sí òpópónà kejì, fẹ́ǹsì ló wà láàárín wa. Lókè sítóòfù gáàsì mi, ẹ̀rọ kan wà tó máa ń fa èéfín, tó sì ń gba ihò ara ògiri tú u síta, tààrà sọ́dọ̀ wọn. Kò sí ohun tí mo sè tí wọn ò mọ̀. Bí mo bá ti da àlùbọ́sà sínú òróró gbígbóná báyìí, màá gbọ́ ohùn wọn: "Tíṣà, ó ti ń jóná o. Ẹ dín iná kù." Bó bá jẹ́ ìrẹsì: "Tíṣà, ìrẹsì náà tún ni?" Màá ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà," lọ́nà tí wọ́n á fi mọ̀ pé ó tó. Wọn kì í mọ̀.

Nígbà tí ààwẹ̀ dé, wọ́n ní, "Tíṣà, ẹja tí ẹ ń dín yìí, ẹ fẹ́ gba láádá mi lọ́wọ́ mi ni." Mo gbọ́ tí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn gan-an ni lẹ́tà dé láti Lọ́ńdọ̀ọ̀nù pé wọn ò ní lè wálé lọ́dún yìí náà. Mo ní lọ́kàn mi pé ó dáa, èmi ni mò ń ba ààwẹ̀ àgbàlagbà jẹ́. Mo gbé ẹja kúrò lórí iná, mi ò jẹ ẹ́.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni fáànù inú ẹ̀rọ náà jó. Ọ̀rá ọdún pípẹ́ ti dì mọ́ ọn, kò ṣeé tún ṣe. Mo ra tókúnbọ̀ kan ní Dùgbẹ̀, mo pe oníṣẹ́ iná àti bíríkìlà. Bíríkìlà ní ihò àtijọ́ náà ni páìpù tuntun máa gbà, kò ní pẹ́ rárá. Mo ní kó lu ihò mìíràn sára ògiri ẹ̀gbẹ́, kí èéfín máa lọ sí títì.

"Èyí ńkọ́, sà?"

"Dí i pa."

Ó ní ògiri ẹ̀gbẹ́ yẹn le. Mo ní mi ò bi í. Ọjọ́ méjì ló fi lù ú. Lẹ́yìn náà ó fi búlọ́ọ̀kù àti símẹ́ǹtì dí ti àtijọ́, mo sì fọwọ́ ara mi kùn ún lọ́dà.

Ẹ̀rọ tuntun ṣiṣẹ́ dáadáa. Mo dín àlùbọ́sà, ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó dùn mọ́ mi. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, mo ti ń gbọ́ ìró ṣíbí mi nínú abọ́, mo wá ń tan rédíò kí n tó jẹun.

Ìtúnu ààwẹ̀ dé. Lọ́dọọdún, Alájà máa ń gbé abọ́ oúnjẹ lé orí fẹ́ǹsì, wọ́n á pè mí kí n wá gbé e. Mi ò se nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Mo jókòó, mò ń retí abọ́. Abọ́ ò wá. Ó dùn mí wọ akínyẹmí ara. Èmi ni mo dí ihò, èmi náà ni mo tún ń bínú pé wọn ò pè mí.

Lọ́jọ́ kẹta, mo pa ẹ̀rọ, mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí mo máa ń tì pa nítorí olè, mo da àlùbọ́sà sórí iná, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó jóná. Èéfín gba gbogbo ilé. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, ojú ń ta mí, mò ń retí kí wọ́n bú mi. Mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Ni mo bá lọ síbi fẹ́ǹsì. Gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń pè mí, mi ò tíì kọ́kọ́ pè wọ́n rí. Mo ní, "Alájà, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o."

Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó gbọ́ ìró ọ̀pá wọn. Wọ́n yọjú lókè fẹ́ǹsì, wọ́n wò mí.

"Tíṣà. Ìgbà wo lẹ dé?"

"Mi ò lọ síbì kankan, mà."

Wọ́n ní nígbà tí àwọn gbọ́ tí wọ́n ń lu ògiri, tí àwọn ò sì gbóòórùn oúnjẹ mi mọ́, àwọn gbà pé mo ti lọ bá ìyàwó mi. Rédíò tí àwọn ń gbọ́, àwọn rò pé ayálégbé ni. Inú àwọn dùn fún mi, àmọ́ ó dun àwọn pé mi ò dágbére. Lọ́jọ́ ìtúnu, àwọn ti bu oúnjẹ tèmi tán kí àwọn tó rántí pé mi ò sí ńlé mọ́.

Wọ́n wá wo ara ògiri mi, ibi tí ọ̀dà ti yàtọ̀. Wọ́n wò ó pẹ́.

"Ẹ wà ńlé látọjọ́ yìí," wọ́n ní. "Ẹ wà ní àlàáfíà, ẹ ò sì kí mi."

Wọ́n ní kí n lọ wo nǹkan tó ń jóná, wọ́n sì wọlé.

Láti ọjọ́ náà, kí n tó tan gáàsì, mo máa ń kọ́kọ́ lọ kí wọn níbi fẹ́ǹsì. Ọjọ́ mìíràn wọ́n á dáhùn, ọjọ́ mìíràn wọn ò ní dáhùn. Ṣùgbọ́n wọn ò sọ nǹkan kan nípa oúnjẹ mi mọ́, títí ọmọ wọn fi wá mú wọn lọ sí Ìlọrin.