Bàtà Onítáyà Tí Wọ́n Gbé Lé Ààrò Ẹja

Ológbò ló kọ́kọ́ fura.

Ọjọ́ kejì ìtúnu ààwẹ̀ ni, ní Ẹ̀pẹ́. Àwọn ọmọ wa ti ń wọ akoto lórí òkè, níbi tí títì ti da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sí etí ọ̀sà. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mò ń yẹ táyà bàtà wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tí mo rí ológbò kan lẹ́bàá Rafíátù, tó ń lá gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀. Mo lé e. Ó padà wá. Mo tún lé e, ó tún padà.

"Rafíà, kí ni ológbò yìí ń wá lára ẹ?"

"Mi ò mọ̀ o, Bùrọ̀dá Délé. Bóyá ó kàn fẹ́ràn mi ni."

Kò wojú mi nígbà tó ń sọ ọ́.

Kí n tó di akọ̀ròyìn, bàtà onítáyà ni mo fi ń ṣiṣẹ́ jẹun. Síkéètì ni gbogbo ayé ń pè é: bàtà tí táyà mẹ́rin tò tẹ̀léra lábẹ́ rẹ̀, tí rọ́bà kan sì wà ní gìgísẹ̀ ọ̀tún tí í ṣe bíréèkì. Bí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá fẹ́ dúró, á gbé ọmọ ìka ẹsẹ̀ sókè, rọ́bà yẹn á máa ha ilẹ̀. Ọ̀gá mi, Bùrọ̀dá Tájù, ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Agric, ní Ìkòròdú. Láyé tí fóònù alágbèéká gbòde, tí àwọn òṣìṣẹ́ báńkì àti ti ìjọba ń kó wọ ẹ́sítéètì, àwọn ọmọ wọn bẹ̀rẹ̀ sí gbé síkéètì tòkunbọ̀ wá bá a. Ó yí ọ̀kan lọ́wọ́, ó ní, "Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ náà nìyí." Bí iṣẹ́ wa ṣe yí padà nìyẹn.

Ọ̀tá méjì ni bàtà yìí ní: yanrìn àti omi. Nínú táyà kọ̀ọ̀kan, òrùka irin kékeré kan wà tí à ń pè ní bíárìn. Àwọn ọmọ irin róbótóróbótó ló ń yí nínú rẹ̀, gírísì díẹ̀ ló sì ń mú kí wọ́n yọ̀. Bí yanrìn bá wọ ibẹ̀, á máa lọ irin bí ata. Bí omi bá wọ ibẹ̀, irin á dípẹtà. Nítorí náà, a kì í fọ síkéètì bí ẹní fọ aṣọ. A máa ń tú táyà kúrò, a ó fi àkísà tí a fún gbẹ nu ara rẹ̀, a ó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbọn ẹrẹ̀ kúrò nínú kọ̀rọ̀. Bíárìn nìkan là ń rẹ, inú kẹrosíìnì sì ni, nínú agolo mílíìkì. A ó gbọ̀n ọ́n, a ó jẹ́ kó gbẹ, a ó wá kán òróró maṣíìnì ìránṣọ sí i, ẹ̀kán kan péré. Màmá kan ní ẹ́sítéètì fi òróró ìdáná ṣe tirẹ̀ nílé. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, Bùrọ̀dá Tájù gbóòórùn rẹ̀, ó ní, "Dòdò dà?"

Ó kọ́ mi pé kí n máa fi ìka ta táyà, kí n sì gbé e sétí. Táyà tó dáa máa ń kùn jẹ́jẹ́ bí oyin tó wà lókèèrè. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ òkè láìjẹ́ pé ọ̀kan nínú wa ti gbọ́ ohùn bàtà rẹ̀. Ẹni tí bàtà rẹ̀ bá sì kan omi, kò ní bá wa jáde lọ́jọ́ náà. Òfin wa nìyẹn.

Rafíátù mọ òfin náà. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Ìkòròdú ló ti ń lọ sílé ìwé, kò sì sí ẹni tó mọ síkéètì tó o nínú gbogbo ọmọ tí à ń kó jáde. Bàbá rẹ̀ ń pẹja, ó sì ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe. Wọ́n ti lọ sọ fún un pé ọmọbìnrin rẹ̀ ń sáré lórí táyà láàárín àwọn ọkùnrin. Ìdáhùn tó fún wọn rèé, gẹ́gẹ́ bí Rafíátù ṣe sọ ọ́ fún mi: "Màá fi ojú ara mi wò ó nígbà ìtúnu ààwẹ̀. Bó bá dáa, ó dáa. Bí kò bá dáa, a ó gbà á lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó parí." Ìdí tí a fi gba Ìmọ̀ta wá sí Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ náà nìyẹn. Rafíátù ti ṣáájú wa délé, ó sì gbé bàtà rẹ̀ dání.

Mo gbá ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, mo gbóòórùn gìgísẹ̀ bàtà. Ẹja! Bí Ìkòròdú ni, ǹ bá ti mọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ṣùgbọ́n Ẹ̀pẹ́ la wà, níbi tí òórùn ẹja yíyan wà lára aṣọ, lára owó, lára afẹ́fẹ́ pàápàá.

"Kí ló gbé ẹja dé ibí?"

"Mo ṣubú sínú ẹrẹ̀ lánàá. Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, ló bá mi fọ̀ ọ́."

"Kí ló fi fọ̀ ọ́?"

"Omi àti ọṣẹ."

"Ó wá sá a sóòrùn?"

"Òjò ń rọ̀, Bùrọ̀dá. Ó gbé e lé ààrò ẹja."

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, nígbà tí mo ti di akọ̀ròyìn, mo padà lọ bi ìyá náà léèrè. Ó fèsì láìrojú: "Nílé wa, ohun tó bá tutù, ààrò ló ń gbẹ ẹ́. Bàtà ilé ìwé bàbá rẹ̀, orí ààrò ló ti gbẹ. Ọmọ mi fẹ́ jáde lójú ayé, bàtà rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀. Ṣé kí n máa wò ó ni?"

Mo tú táyà kan. Gírísì ti yọ́ dànù. Iná ti mú kí ihò tí bíárìn ń jókòó sí fẹ̀, bíárìn sì ń mì nínú rẹ̀ bí eyín arúgbó. Bíréèkì ló burú jù. Ó ti le bí egungun, ọ̀rá ẹja sì ti kán sí i títí tó fi ń dán. Mo fi ha ilẹ̀, ṣe ló ń yọ̀. Mo wo ìsàlẹ̀ òkè. Ibi tí títì parí sí, sìmẹ́ńtì ni, lẹ́yìn rẹ̀ òpó ọkọ̀ tí wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́, lẹ́yìn òpó náà, omi ni.

Mo pe Bùrọ̀dá Tájù. Ó wo bàtà náà lẹ́ẹ̀kan.

"Kò lọ."

"Bùrọ̀dá, ẹ dákun! Bàbá mi ti jókòó síbẹ̀ yẹn. Bí mi ò bá lọ, á ní ẹ̀rù bà mí."

"Bó o bá forí gbá òpó ọkọ̀, á dìde."

Rafíátù bú sẹ́kún. Bùrọ̀dá Tájù yí ojú kúrò. Ó wá tú àpò irinṣẹ́ rẹ̀, ó ní bí a bá lè pààrọ̀ gbogbo ohun tó bàjẹ́, ó lè lọ. Táyà àti bíárìn àfirọ́pò wà níbẹ̀. Bíréèkì ni kò sí, ti àwọn yòókù kò sì bá tirẹ̀ mu.

Ojú mi bọ́ sára àwọn táyà mọ́tò àlòkù tí wọ́n so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ létí omi, kí ọkọ̀ má baà máa gbá sìmẹ́ńtì. Mo sáré sọ̀kalẹ̀, mo bẹ ẹni tó ni ọ̀kan, mo gé níbi tó nípọn jù. Ó ku ihò tí bọ́ọ̀tì máa gbà wọlé. Ilé Ìyá Àgbà tó wà lẹ́bàá títì náà ni mo gbà lọ, mo ní kó jọ̀ọ́, kó bá mi fi irin kan sínú iná. Nígbà náà ló tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ń fẹ́ iná títí irin fi pọ́n. Ó fi àkísà dì í mú, ó na ìdí rẹ̀ sí mi.

"Ààrò ló bà á jẹ́," ó ní, "ààrò náà ni yóò tún un ṣe. Tètè lu ihò rẹ."

Nígbà tí mo padà gòkè, Bùrọ̀dá Tájù ti pààrọ̀ táyà àti bíárìn, àwọn èèyàn sì ti ń pariwo pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Mo de rọ́bà náà mọ́ gìgísẹ̀. Mo ta táyà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, mo gbé e sétí, gbogbo wọn ló kùn. Rafíátù dán bíréèkì wò ní ibi tó tẹ́jú, ó dúró gbọn-in. Ṣùgbọ́n ibi tó tẹ́jú kì í ṣe òkè. Bùrọ̀dá Tájù mọ̀, èmi náà mọ̀.

Bàbá Rafíátù ti dìde, ó ti dé ọ̀dọ̀ wa. Kò pariwo.

"Ta ló ṣe rọ́bà yìí?"

"Èmi ni, sà."

"Ṣé ó máa mú un dúró?"

"Ó máa mú un dúró, sà."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá dí ihò ọkọ̀ ló ń kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ dé àárín ọ̀sà. Bó bá dí i dáadáa, á padà wá jẹun. Bàtà yìí kò gba ẹsẹ̀ tìẹ. Lọ dúró sí ìsàlẹ̀, kí o kẹ̀yìn sí omi."

Mo wo Bùrọ̀dá Tájù, bóyá á gbà mí sílẹ̀.

"Ṣé o mọ̀ ọ́n wẹ̀?" ó bi mí.

"Rárá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. O ò ní máa ronú àtibẹ́ sómi."

Mo sọ̀kalẹ̀. Mo dúró sórí sìmẹ́ńtì, òpó ọkọ̀ sì kàn mí lẹ́yìn. Láti ibẹ̀, Rafíátù kéré bí ọmọ ayò. Ìró fèrè dún lókè. Àwọn yòókù dúró, òun nìkan ló bọ́ sójú títì.

Ìró táyà ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Ó ń kùn, ó ń ga sí i. Rafíátù tẹ̀ba díẹ̀, ó na ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó yà fún kòtò kan, ara rẹ̀ mì, ó tún bọ̀ sípò. Obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń ké pe Ọlọ́run, "Lákùúbà, lákùúbà!" Rafíátù ti kọjá ilé Ìyá Àgbà kó tó gbé ọmọ ìka ẹsẹ̀ sókè. Rọ́bà kan ilẹ̀, ó dún ṣàà, èéfín yọ lẹ́yìn rẹ̀. Kò dúró. Mo rí eyín rẹ̀ níbi tó ti fi wọ́n di ètè ìsàlẹ̀ mú. Ó tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sí i. Òórùn táyà jíjó gba imú mi. Lẹ́yìn náà, gbogbo rẹ̀ dákẹ́.

"Bùrọ̀dá Délé," ohùn kan sọ níwájú mi gan-an, "ẹ lajú."

Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo dijú. Nígbà tí mo là á, imú bàtà rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú bàtà mi, òógùn bo gbogbo ojú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Mo gbójú sókè. Bàbá rẹ̀ ń sáré bọ̀ láti orí òkè, ó gbá agbádá mọ́ra, ó ń dá àwọn èèyàn dúró lójú ọ̀nà, tàgbà tèwe, ó ń bi wọ́n pé, "Ṣé ẹ rí i? Ọmọ mi ni o. Ṣé ẹ rí i?"